Ẹyẹ Kì í Fi Apá Kan Fò

  Bí ọmọ bá wà lẹ́yìn yín bí ẹ ti ń ka ìwé yìí, tí ìkòkò ọbẹ̀ sì ń hó lórí iná, ẹ dín iná náà kù díẹ̀, kí ẹ sì jókòó, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìsinmi ni mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí.

Mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín yóò kọ́kọ́ sọ: "Ìsinmi kẹ̀? Ta ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi?" Ìbéèrè gidi ni. Èmi pàápàá bi ara mi ní ìbéèrè yìí fún ọgbọ̀n ọdún, n kò sì rí ìdáhùn sí i nínú ilé mi. Ibi tí mo ti wá rí i kò jọ ibi tí ènìyàn ti ń wá ọgbọ́n: inú irà ni, láàárín ẹyẹ, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé.

Ní ọdún tí ó kọjá ni mo lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bá ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ tọ́jú ọmọ wọn kejì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Nígbà tí mo fi ojú kan ìyàwó mi, àyà mi já. Ẹni tí ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ènìyàn tó sọ̀rọ̀ tán ti di ẹni tí ń jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, tí kì í sọ̀rọ̀ àfi bí a bá bi í. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní àárẹ̀ ni ó pọ̀ jù fún un. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe lóru, ọmọ méjì ni ó ń tọ́jú lọ́sàn-án, kò sì sí ẹni tí ó ń gba ọ̀kankan nínú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń mú owó wálé, ó sì gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ baba parí sí. Èmi tí mo tọ́ ọ ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ ìyàwó mi kan níbi iṣẹ́ ni ó sọ fún un nípa ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ márùn-ún kan, tí afinimọ̀nà máa ń kó ènìyàn péréte lọ láti wo ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹyẹ kẹ̀? Ẹyẹ tí mo fi ìgbà èwe mi lé kúrò nínú oko ìrẹsì bàbá mi ní ẹ̀bá Òfàdà, pẹ̀lú kànnàkànnà àti agolo, ni ẹnìkan yóò gba owó lọ́wọ́ wa kí a tó lọ wò? Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀wọ́. Mo fẹ́ wà níbi tí kò sí ariwo, bí ó tilẹ̀ ṣe ọjọ́ díẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Mo ní kí gbogbo wa lọ, tọkọtaya, ọmọ méjèèjì àti èmi. Mo sì fi òfin kan lélẹ̀: ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, èmi àti ìyàwó mi ni yóò tẹ̀lé afinimọ̀nà; ọkọ ni yóò wà pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ti rí fún yín. Odò ńlá kan wà ní ilẹ̀ Faransé tí a ń pè ní Rhône. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó dé Òkun Mẹditaréníà, lẹ́bàá ìlú Arles, ó ya sí ọ̀nà méjì. Ilẹ̀ tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ odò méjèèjì náà ni Camargue. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Irà ni, ọ̀sà ni, oko ìrẹsì ni, ibi tí wọ́n ti ń fi oòrùn gbẹ omi òkun di iyọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀sà tí ó tóbi jù nínú wọn ni Vaccarès. Màlúù dúdú ń jẹ̀ níbẹ̀, àti ẹṣin funfun tí a bí ní àwọ̀ dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀, tí ó jẹ́ pé ọdún bíi mẹ́rin ni irun wọn fi ń funfun díẹ̀díẹ̀. Kò sí òkè kan tí yóò dí ojú ènìyàn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ojú tì mí. Mo wọ ìró àti bùbá pupa fòò, mo sì wé gèlè tí ó ga, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìyá ènìyàn ni ó dé. Afinimọ̀nà wa, obìnrin Faransé kan tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màdáàmù, aṣọ yín dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ yóò ti rí i kí ẹ̀yin tó rí ẹyẹ." Ó yọ ẹ̀wù kan tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ewé gbígbẹ láti inú ọkọ̀ rẹ̀, mo sì gbé e wọ̀ lé aṣọ mi. Gèlè náà kò tún jáde mọ́ títí a fi padà sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ó mú wa lọ sínú ahéré pákó kan ní etí omi. Ahéré náà kò ní fèrèsé bí kò ṣe ihò tóóró kan ní ara ògiri, tí ènìyàn lè gba inú rẹ̀ wo ìta láìjẹ́ pé ẹyẹ rí i. Ó fún wa ní awò olójú méjì tí ń fa ohun tí ó jìnnà mọ́ni. Lẹ́yìn náà ó ní kí a dákẹ́. A dákẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, n kò rí nǹkan kan ju omi àti koríko lọ. Mo ti ń rò ó nínú ọkàn mi pé owó wa ti ṣòfò. Nígbà náà ni obìnrin náà fi ọwọ́ kàn mí ní èjìká, ó sì nawọ́ sí ibì kan tí mo ti wò ní ìgbà mẹ́ta. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀, ó dúdú ní apá, ó funfun ní àyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, ó sì gùn gbọọrọ. Ó ń rọra tẹ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ kí ó lè sàba lé ẹyin rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti dé ni ó ti wà níbẹ̀. Ojú mi ni kò tíì balẹ̀.

Ẹ̀yin abiyamọ, iṣẹ́ afinimọ̀nà rere nìyẹn. Kì í sáré, kì í fi ìmọ̀ rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kọ́ wa pé kì í ṣe gbogbo ẹyẹ funfun ni lékeléke. Èyí tí ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè, ìbátan rẹ̀ ni. Lékeléke gan-an ni èyí tí ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tí ó sì ń tẹ̀lé màlúù kí ó lè máa ṣa kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù bá tú jáde nínú koríko. Nígbà tí mo rí i lórí ẹ̀yìn màlúù dúdú ilẹ̀ Faransé, inú mi dùn bí ẹni tí ó pàdé ará ilé ní ìdálẹ̀. Ẹyẹ kan náà ni èyí tí ń tẹ̀lé màlúù àwọn Fúlàní ní ilé, tí àwa ọmọdé máa ń ké pè pé kí ó fún wa ní èékánná funfun.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni fìlàmíńgò. A rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ní ọgbà ẹyẹ Pont de Gau, tí kò jìnnà sí ìlú Saintes-Maries-de-la-Mer. Láti ọdún 1949 ni ọgbà náà ti wà. A tún rí wọn láti orí ògiri ilẹ̀ gígùn tí wọ́n mọ sí etí òkun kí omi má baà ya wọ ilẹ̀, níbi tí ọkọ̀ kì í gbà. Ẹyẹ náà ga, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá na apá láti fò, pupa tí ó wà lábẹ́ apá rẹ̀ yóò tàn bí iná. Nígbà tí ó bá ń jẹun, ńṣe ni ó máa ń dojú ẹnu rẹ̀ dé sínú omi, yóò sì máa sẹ́ omi náà bí ìgbà tí a ń sẹ́ ògì.

Afinimọ̀nà wa ní a kò bí i pupa. Funfun tí ó lọ sí àwọ̀ eérú ni ọmọ rẹ̀ máa ń jẹ́. Láti inú oúnjẹ ni pupa náà ti ń wá, láti ara edé kíntínkíntín inú omi iyọ̀. Irú èròjà tí ó sọ epo pupa àti kárọ́ọ̀tì di pupa ni. Ẹyin kan ṣoṣo ni ó máa ń yé lọ́dún, lórí ìtẹ́ tí a fi ẹrẹ̀ mọ bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé. Akọ àti abo ni ó ń sàba lé e ní àsìkò-àsìkò, fún nǹkan bí oṣù kan. Bí ọmọ bá sì jáde, kì í ṣe ìyá nìkan ni ó ń bọ́ ọ. Omi kan tí ó dàbí wàrà, tí ó sì pupa, máa ń jáde láti ọ̀nà ọ̀fun wọn, èyí ni wọ́n sì fi ń bọ́ ọmọ. Ìyá ní i, baba náà ní i.

Mo ní kí ó tún un sọ, nítorí mo rò pé etí mi ni. Ó tún un sọ: baba náà ní i.

Ó tún sọ ohun mìíràn tí ó mú ìyàwó mi gbé awò kúrò lójú. Ó ní ní àkókò tí wọ́n bá ń bọ́ ọmọ, àwọ̀ àwọn òbí a máa ṣí, nítorí pé pupa ara wọn ni wọ́n ń fún ọmọ mu. Ẹyẹ tí ó ti pupa tẹ́lẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun. Ìyàwó mi rọra bi í pé, "Ṣé àwọ̀ náà máa ń padà?" Obìnrin náà dáhùn pé, "Ó máa ń padà, bí ó bá ti ráyè jẹun fún ara rẹ̀." Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo rí i tí ó nu ojú rẹ̀, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Báwo wá ni òbí ṣe ń ráyè jẹun? Bí ọmọ bá ti tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, wọn a kó gbogbo ọmọ jọ sí ojú kan, àgbà díẹ̀ a sì máa ṣọ́ wọn nígbà tí àwọn yòókù bá fò lọ síbi oúnjẹ. Jẹ́lé-ó-sinmi gan-an ni! Nígbà tí ìyá tàbí baba bá padà dé, láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, ohùn ni yóò fi mọ tirẹ̀, òun nìkan ni yóò sì bọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé àwọn ènìyàn náà ran ẹyẹ yìí lọ́wọ́. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, ọdún púpọ̀ kọjá tí wọn kò rí ọmọ tọ́ ní Camargue, nítorí pé ibi tí ó fara balẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n fún wọn. Ní ọdún 1970, wọ́n mọ erékùṣù kan fún wọn nínú ọ̀sà Fangassier. Ẹyẹ kò kà á sí. Nígbà tí wọ́n mọ ìtẹ́ ẹrẹ̀ sórí rẹ̀ bí ẹni pé ẹyẹ kan ti gbé ibẹ̀ rí, àwọn fìlàmíńgò wá sọ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1974. Láti ọdún 1977 ni wọ́n sì ti ń fi òrùka sí ẹsẹ̀ díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ẹyẹ náà, a sì ti rí ẹyẹ olórùka bẹ́ẹ̀ ní Spéìn, ní Ítálì, ní Túníṣíà àti ní Mọriténíà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ni inú wọn dùn sí wọn o. Wọ́n máa ń wọ oko ìrẹsì lóru, wọn a sì tẹ èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù mọ́lẹ̀, àwọn àgbẹ̀ a sì máa fi ariwo lé wọn. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rántí agolo mi ní Òfàdà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, a bá ọmọ mi ní ilé ìtura, ọmọ kan ń sunkún ní èjìká rẹ̀, èkejì ti da ògì sórí ibùsùn. Bí ó ti rí mi ni ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá gba ọmọ yìí." Ọwọ́ mi ti nà tán. Mo fà á padà, mo ní, "Rárá o, ọmọ mi. Rọra jókòó, kí o gbé e ní àyà rẹ, yóò sùn." Ó jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ náà tó sùn. Lẹ́yìn náà ni ó bi ìyàwó rẹ̀ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣé bí ó ti ń rí fún ọ lójoojúmọ́ nìyí?" Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń lọ síbi iṣẹ́." Kò sí ẹni tí ó jà, kò sí ẹni tí ó pariwo. Mo sọ ọ̀rọ̀ wàrà fìlàmíńgò fún ọmọ mi, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì fún ohun tí n kò kọ́ ọ nígbà tí ó wà ní kékeré.

Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, gbogbo wa ni a jọ lọ sí Pont de Gau, ọmọ kékeré wà ní ẹ̀yìn baba rẹ̀. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ń fò wọlé, fò jáde lábẹ́ òrùlé ilé kan, wọ́n ń fi ẹrẹ̀ mọ ìtẹ́. Afinimọ̀nà bi wá bóyá a mọ̀ pé nígbà òtútù, ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹyẹ yìí ń lọ, àti pé ní Ebbaken, ní Ìpínlẹ̀ Cross River ní Nàìjíríà, òbítíbitì wọn ń péjọ sùn lórí òkè. Ọmọ wa tí ó dàgbà wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó wá bi ìyá rẹ̀ pé, "Ṣé wọ́n máa ń gbé ìyá wọn dání?" Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín náà kẹ́yìn.

Bí ẹnìkan nínú yín bá ń rò ó láti lọ, ẹ gba ìmọ̀ràn díẹ̀ wọ̀nyí. Àkọ́kọ́, oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún ni ẹyẹ pọ̀ jù, tí oòrùn kò sì tíì mú jù. Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ 24 àti 25 oṣù Karùn-ún, nítorí pé àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn máa ń kún ìlú Saintes-Maries bámúbámú, ilé ìtura a sì wọ́n. Ìkejì, ẹni tí ó bá ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba fisà Schengen. Ẹ má ṣe fi í di ọjọ́ tí ó kẹ́yìn. Ìkẹta, aṣọ tí kò tàn yòò, bàtà pẹlẹbẹ, fìlà fún oòrùn, àti aṣọ tí ó nípọn, nítorí afẹ́fẹ́ tútù kan tí wọ́n ń pè ní mistral lè jà kíkankíkan láti àríwá. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kò sì mọ àlejò. Ẹ mú ohun tí ẹ óò fi pa ara àwọn ọmọ. Ìkẹrin, bí ẹ bá fẹ́ ra awò, ẹ wo nọ́ńbà tí a kọ sí i lára. Bí a bá kọ 8x32, ìlọ́po mẹ́jọ ni yóò fi mú nǹkan tóbi lójú yín. Ó sì fúyẹ́ tó fún ọrùn obìnrin tí ó tún fẹ́ gbé ọmọ. Ìkarùn-ún, kí ẹ tó san owó, ẹ bi afinimọ̀nà bóyá ó ń gba ọmọdé, iye ènìyàn tí yóò kó, àti iye wákàtí tí a óò fi rìn.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé ni ó lówó ọkọ̀ dé ilẹ̀ Faransé. Kì í ṣe nítorí owó ni mo fi sọ ìtàn náà. Obìnrin tí ó bá ní àgbàlá, tí ó sì rí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún wákàtí kan, lè jókòó wo lékeléke bí wọ́n ti ń kọjá lọ sùn ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ó wọ́n jù lọ nínú ìrìn-àjò wa ni wákàtí yẹn.

Ẹ má sì ṣì mí gbọ́. Ẹyẹ kì í ṣe oògùn. Bí ìbànújẹ́ bá bá yín fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbímọ, tí oúnjẹ kò wọlé, tí oorun kò wá, tí ọmọ sì sú yín, ẹ má ṣe fi pamọ́ nítorí ẹnu ayé. Ẹ tètè lọ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ìyàwó mi rí dókítà kí a tó lọ, ó sì tún lọ rí i nígbà tí a dé. Ohun tí ó yí padà ni pé ọkọ rẹ̀ ti gba òwúrọ̀ Sátidé àti òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ó sì ń po ògì ọmọ lálẹ́ tí ìyá bá wà níbi iṣẹ́. Ògì náà máa ń ní kókó, ọmọ sì ń mu ún.

Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Mo ti ń pa òwe náà láti ìgbà èwe mi; inú irà Camargue ni mo ti wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ilé ọlọ́mọ. Ẹ fi ojú ewé yìí han ọkọ yín lálẹ́ òní, lẹ́yìn tí ó bá ti jẹun tán. Bí ó bá sì rẹ́rìn-ín pé ẹyẹ kẹ̀, ẹ má bínú sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ọlọ́run yóò bá wa tọ́ wọn.